Ìjọra sí Lọ́ńdọ̀nù: Wákàtí Mélòó Ni Ọ̀nà Náà?



Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ wa tí ń bẹ ní òkè òkun. Bí ìyá wọn ní ilé bá ń ráhùn pé àárò wọn ń sọ òun, wọn a dáhùn pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá, wákàtí mẹ́fà péré ni mo fi jìnnà sí yín." Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Ṣùgbọ́n àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó sì ti gbẹ́kẹ̀ lé àbọ̀ ọ̀rọ̀ yìí títí ilẹ̀ fi ṣú mọ́ wọn lọ́nà. Àwọn àgbà wí pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ mú àbọ̀ ọ̀rọ̀ yìí lónìí, kí a sọ ọ́ di odindi, kí a wọn ọ̀nà náà láti ẹnu ọ̀nà ilé kan ní Ìjọra títí dé ẹnu ọ̀nà ilé kan ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí gidigidi.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wọn ilẹ̀. Kí ọmọ kan nínú ilé gbé ìwé àwòrán ayé wá sórí tábìlì. Yóò rí àwọn ìlà tí a fà yí ayé ká, tí a ń kà láti ìlà agbedeméjì ayé lọ sí òkè. Èkó wà ní ìwọ̀n dìgírì 6 àti ààbọ̀ sí ìhà àríwá ìlà náà. Lọ́ńdọ̀nù wà ní ìwọ̀n dìgírì 51 àti ààbọ̀. Bí a bá yọ ti Èkó kúrò nínú ti Lọ́ńdọ̀nù, 45 ni yóò kù. Dìgírì kan tó nǹkan bí máìlì 69, èyí tí í ṣe kìlómítà 111. Kí ọmọ náà sọ 69 di ìlọ́po 45, yóò rí 3,105. Máìlì tí ó wà láàrin ìlú méjèèjì nìyẹn, bí ẹyẹ bá fò ó láìyà síbì kan. Ní ti kìlómítà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5,000. Bí a bá sì rántí pé gbogbo àyíká ayé tó nǹkan bí 40,000 kìlómítà, a ó mọ̀ pé ẹni tí ó lọ láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù ti rìn ìdá kan nínú mẹ́jọ yíká ayé.

Ìṣirò wa rọrùn báyìí nítorí pé ìlú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan náà láti gúúsù sí àríwá. Ìlà tí a fi ń ka ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn gbogbo ayé gba Greenwich ní Lọ́ńdọ̀nù kọjá; Èkó kò sì fi ju dìgírì mẹ́ta àti díẹ̀ lọ sí ìhà ìlà-oòrùn rẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú tí ó bá tẹ̀ lé ọ̀nà tààrà yóò dojú kọ àríwá, yóò gba orí aṣálẹ̀ Sàhárà àti ilẹ̀ Àlgéríà, yóò ré Òkun Mẹditéréníà kọjá, yóò sì la ilẹ̀ Faransé lórí kí ó tó rí etí òkun àwọn Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ojú òfurufú gíga, ọkọ̀ náà a máa sáré tó nǹkan bí kìlómítà 900 ní wákàtí kan. Ẹni tí ó bá pín 5,000 sí ọ̀nà 900 yóò rò pé wákàtí márùn-ún àti ààbọ̀ tó. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ ìrìn pẹ̀lú eré bẹ́ẹ̀. Ó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ lórí ilẹ̀ kí ó tó gbéra, ó ń gun òkè díẹ̀díẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà mìíràn ó sì ń yí po lórí Lọ́ńdọ̀nù títí a ó fi fún un láyè láti balẹ̀. Ìdí nìyí tí gbogbo rẹ̀ fi ń tó nǹkan bí wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀.

Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní New York kò ní rí i bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tirẹ̀ lé ní kìlómítà 8,400, ìwọ̀-oòrùn ni ó sì dojú kọ. Atẹ́gùn líle kan ń fẹ́ ní òfurufú gíga láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Ó ń da ọkọ̀ dúró ní àlọ, ó sì ń tì í lẹ́yìn ní àbọ̀, nítorí náà ni àlọ fi ń gùn ju àbọ̀ lọ. Ní ti Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀gbẹ́ ni atẹ́gùn náà ti ń fẹ́ lu ọkọ̀, ìyàtọ̀ àlọ àti àbọ̀ kò sì pọ̀.

Ohun kan tún wà tí ń da àwọn tí ń lọ pàdé àlejò láàmú, èyí nì ni agogo. Láti oṣù kẹsàn-án 1919 ni agogo ilẹ̀ wa ti fi wákàtí kan síwájú ti Greenwich. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù, ní tiwọn, a máa sún agogo wọn síwájú ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó kẹ́yìn oṣù kẹta, wọn a sì dá a padà ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó kẹ́yìn oṣù kẹwàá. Nítorí náà, ní àkókò ooru wọn, agogo Èkó àti ti Lọ́ńdọ̀nù ṣe ọ̀kan. Ní àkókò òtútù, bí agogo 12 bá lù ní Èkó, 11 ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lù lọ́dọ̀ wọn. Bí ọkọ̀ bá gbéra ní Èkó ní agogo 11 òru nínú oṣù December, tí ó sì fi wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ rìn, ìwé ìrìn-àjò yóò wí pé ó dé ní agogo 4 àti ààbọ̀ ìdájí. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò kà á sí wákàtí márùn-ún àti ààbọ̀. Nígbà tí ó bá ń padà bọ̀, yóò dà bí ẹni pé ọ̀nà ti gùn di wákàtí méje àti ààbọ̀. Ọ̀nà kò gùn, kò sì kúrú. Agogo ni ó yàtọ̀.

Ní ti ìrìn-àjò, àwọn ará Ìjọra kì í ṣe àjèjì sí i. Ìlú àtijọ́ ni, tí oyè Ọjọra jẹ́ ti olórí rẹ̀. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin ti Ìddó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀, èbúté Àpápá, tí a ṣí ní 1926, wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó wọ ọkọ̀ ojú irin láti Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn wá, tí ó ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹ̀kọ́, ẹkùn yìí ni ó gbà dé etí omi.

Kí ni iye ọjọ́ ọ̀nà nígbà náà? Àwọn ọkọ̀ òkun ti ilé iṣẹ́ Elder Dempster ni àwọn bàbá wa mọ̀ jù lọ. Aureol, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951, a máa fi nǹkan bí ọjọ́ 13 rìn láti Liverpool dé Èkó, yóò sì yà ní Las Palmas àti Freetown lójú ọ̀nà. Ọjọ́ 13 jẹ́ wákàtí 312. Bí a bá fi wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ pín in, a ó rí i pé ọ̀nà tí a ń rìn lẹ́ẹ̀kan nígbà náà, a lè rìn ín ní ìgbà 48 lónìí. Ọdún 1974 ni Aureol dá kíkó èrò dúró.

Ọkọ̀ òfurufú náà kò sáré bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1936, nígbà tí ilé iṣẹ́ Imperial Airways mú ọ̀nà rẹ̀ dé Èkó, ẹni tí ó bá ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bọ̀ ní láti kọ́kọ́ lọ sí Íjíbítì àti Khartoum, kí ó tó yí padà sí ìwọ̀-oòrùn, kí ó gba Kano wá. Nígbà ogun, láti 1940, àwọn ọkọ̀ òfurufú tí ń balẹ̀ sórí omi bẹ̀rẹ̀ sí gba Lisbon, Bathurst àti Freetown wá, wọ́n sì ń balẹ̀ sórí omi Èkó. Nígbà tí ó di ọjọ́ 29 oṣù kẹrin 1964, ọkọ̀ òfurufú tuntun tí a ń pè ní VC10 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kíkó èrò. Ọ̀nà tí ó sì kọ́kọ́ rìn ni ti Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó. Ọkọ̀ irú rẹ̀ kan náà, tí í ṣe ti Nigeria Airways, ni ó ṣubú nítòsí Èkó ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá 1969, nígbà tí ó ń ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀. Gbogbo ènìyàn 87 tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó ṣègbé. Àwọn tí ó wà láyé nígbà náà kò gbàgbé òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Nigeria Airways fúnra rẹ̀ kógbá sílé ní 2003. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta 2024, Air Peace, tí í ṣe ti ọmọ ilẹ̀ wa, bẹ̀rẹ̀ sí fò láti Èkó lọ sí Gatwick.

Báyìí ni ọ̀nà òkè ti kúrú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ̀ kalẹ̀ wá sí ọ̀nà ilẹ̀.

Kí a mú ìyá àgbà kan ní Ìjọra ṣe àpẹẹrẹ, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ sí Peckham, tí ó sì fẹ́ lọ bá a tọ́jú ọmọ tuntun. Láti ilé rẹ̀ dé pápá ọkọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà kò ju nǹkan bí máìlì mẹ́wàá sí méjìlá lọ. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí kò mọ ojú ọ̀nà yẹn? Bí àwọn tírélà tí ń lọ sí èbúté bá ti tò lórí afárá Ìjọra, tí Òjúẹlẹ́gbà sì dí, tí Òṣòdì kò sì ṣí, máìlì mẹ́wàá lè gba wákàtí mẹ́ta. Kí a fi wákàtí méjì sí i. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ yóò sì fẹ́ kí ó dé pápá ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú. Lẹ́yìn náà ni wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ ti òkè. Bí ó bá balẹ̀, yóò tò síwájú àwọn oníbodè, yóò dúró de ẹrù rẹ̀. Kí a pe èyí ní wákàtí kan àti ààbọ̀. Láti Heathrow, tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, dé Peckham, tí ó wà ní ìhà gúúsù ìlà-oòrùn, yóò tún gba nǹkan bí wákàtí kan àti ààbọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 14 àti ààbọ̀. Èyí tí a fi fò nínú rẹ̀ kò tó ìdajì.

Ìrànlọ́wọ́ díẹ̀ wà lórí ilẹ̀. Láti oṣù kẹwàá 2024 ni ọkọ̀ ojú irin ti ìjọba Èkó ti ń kó èrò láti Òyìngbò, tí kò jìnnà sí Ìjọra, gba Yábàá, Muṣin àti Òṣòdì lọ sí Ìkẹjà. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò pọ̀ lè rò ó wò.

Síbẹ̀, ọ̀nà ilẹ̀ kọ́ ni ó gùn jù. Ọ̀nà ìwé ni. Nígbà tí àwọn bàbá wa ń wọ ọkọ̀ òkun, òkun ni ó ń gba ọjọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìlẹ̀kùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tì mọ́ ọmọ Èkó lójú. Òfin 1962 bẹ̀rẹ̀ sí fún ìlẹ̀kùn náà pọ̀. Ní 1986 sì ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde pé ọmọ Nàìjíríà ní láti gba ìwé àṣẹ ìwọ̀lú kí ó tó gbéra. Lónìí, ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìbẹ̀wò lásán yóò kọ ìwé, yóò san owó, yóò tẹ ìka, yóò sì dúró fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí èsì tó dé, bí ohun gbogbo bá lọ déédéé. Ẹ kíyè sí i: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jẹ́ ọjọ́ 21. Aureol ìbá ti kó ìyá wa dé Liverpool, ìbá sì ti rìn ju ìdajì ọ̀nà àbọ̀ lọ, kí ìwé náà tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Òkun ti kúrú, ìwé ti gùn. Wákàtí tí ọkọ̀ òfurufú gbà lọ́wọ́ òkun, tábìlì akọ̀wé ti gbà á padà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ń lọ gan-an nìyí. Ọmọ tí ó wà lẹ́yìn odi, tí ó ń wí pé wákàtí mẹ́fà ni òun fi jìnnà, kò ka ìwé ìrìnnà tirẹ̀ tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, kò ka ààyè tí yóò gbà níbi iṣẹ́, kò ka owó ọkọ̀. Àwọn ará ilé náà ní ẹ̀bi tiwọn. Bí àìsàn bá kọlu bàbá, wọn a sọ fún ara wọn pé, "Ẹ má sọ fún un, kí ọkàn rẹ̀ má bàa bàjẹ́ ní ilẹ̀ àjèjì." Inú rere ni wọ́n fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì tí a fi pa ọ̀rọ̀ mọ́ ni ọ̀sẹ̀ méjì tí ọmọ náà ìbá fi tún ìwé rẹ̀ ṣe. Nígbà tí wọ́n bá wá pè é, ìsìnkú ni yóò bá, kì í ṣe bàbá. Kí ni àǹfààní ọkọ̀ tí ń fi wákàtí mẹ́fà fò, bí ẹni tí a ń fò lọ bá ti fò lọ ṣáájú?

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a gba ara wa nímọ̀ràn. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ má ṣe fi àìsàn àgbà pamọ́ fún ọmọ tí ó wà lókè òkun. Ẹ sọ ọ́ ní kùtùkùtù, ẹ sọ ọ́ bí ó ti rí, kí ó lè mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó gbéra. Wáyà abẹ́ òkun ti so Èkó mọ́ Lọ́ńdọ̀nù láti 1886. Ìròyìn kì í pẹ́ lọ́nà mọ́, àwa ni a ń dá a dúró.

Lẹ́ẹ̀kejì, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí olúkúlùkù mú ìwé ìrìnnà rẹ̀ jáde lónìí, kí ó wo ọjọ́ tí ó parí. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì dé kọ́ ni ọjọ́ tí a ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé kiri. Kí ọmọ tí ó wà lẹ́yìn odi sì máa fi owó díẹ̀ pamọ́ lóṣooṣù, kí ó má fọwọ́ kàn án fún ohun mìíràn bí kò ṣe ọ̀nà ilé.

Lẹ́ẹ̀kẹta, bí àgbà bá ń lọ, kí a pèsè fún ara rẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ gbẹ, ó sì fẹ́lẹ́ bí ti orí òkè tí ó ga tó 6,000 sí 8,000 ẹsẹ̀ bàtà. Kí ó máa mu omi. Kí ó máa dìde rìn díẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀ ẹni tí ó jókòó pẹ́. Ẹni tí ó ní àìsàn ọkàn tàbí ti ẹ̀dọ̀fóró, kí ó rí oníṣègùn kí a tó ra ìwé ọkọ̀. Kí oògùn rẹ̀ wà nínú àpò ọwọ́, kì í ṣe nínú ẹrù tí a gbé sísàlẹ̀. Aṣọ òtútù náà, ọwọ́ ni kí ó wà.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, ẹ kíyè sí ẹrù oúnjẹ. Gààrí àti ẹja gbígbẹ kì í sábà fa ìjà. Ṣùgbọ́n àwọn oníbodè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gba ẹran tàbí ohun tí a fi wàrà ṣe wọlé láti ilẹ̀ wa. Pọ̀nmọ́ sì wà lára ẹran. Ìyá tí kò bá mọ̀ yóò dúró síbẹ̀, yóò máa wò bí wọ́n ti ń da ohun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan sínú garawa ìdọ̀tí.

Àwọn kan yóò wí pé, kí ni a tún ń rin ọ̀nà fún, nígbà tí a ń rí ojú ara wa lórí tẹlifóònù lójoojúmọ́? A dúpẹ́ fún tẹlifóònù. Ṣùgbọ́n ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀rọ kò lè gbé ọmọ tuntun sẹ́sẹ̀ ìyá àgbà, ìyá àgbà kò sì lè fi í pọn ọmọ. Bí ọmọ yín bá tún wí fún yín pé wákàtí mẹ́fà péré ni òun fi jìnnà, ẹ má bá a jiyàn. Kí ẹ kàn bi í pé, "Ọmọ mi, ìwé rẹ ńkọ́?"